Ẹ ti lé akówójẹ lọ, àmọ́ àga rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀

Ìbéèrè: Ilé-iṣẹ́ wa ò tóbi, òṣìṣẹ́ 40 péré ni wá. Ẹni tó ti ń bójú tó owó wa láti ọdún 9 sẹ́yìn ló ń kó owó jẹ, ó sì tó ọdún méjì tó fi ṣe é kí àṣírí tó tú. Kò sẹ́ni tó fura sí i, òun gan-an la fi ń ṣe àpẹẹrẹ fáwọn tó kù. A ti lé e, a sì ti gba ẹlòmíì. Mi ò wá mọ̀ bóyá ìwà rẹ̀ ló burú láti ilẹ̀ wá, àbí nǹkan kan wà níbi iṣẹ́ wa tó tì í débẹ̀. Kí la lè ṣe kí ẹni tuntun yìí má bàa tọ ọ̀nà kan náà? Ṣé ká sì sọ ìdí tá a fi lé e fáwọn tó kù?

Ìdáhùn: Ẹ kú àfaradà. Ó ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ pé olóòótọ́ èèyàn lẹ gbà síṣẹ́ lọ́dún 9 sẹ́yìn. Ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ ACFE, ẹgbẹ́ àwọn tó ń tú àṣírí jìbìtì káàkiri ayé. Nínú ìròyìn tí wọ́n ń gbé jáde lọ́dún méjì-méjì, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn òṣìṣẹ́ tọ́wọ́ tẹ̀ ni ilé ẹjọ́ ò tíì dá lẹ́bi jìbìtì rí. Bó bá jẹ́ pé àwọn olè paraku ló ń yọ́ wọlé, ká tú ìtàn ìgbésí ayé èèyàn wò ká tó gbà á síṣẹ́ ì bá ti tó. Kò tó.

Donald Cressey, onímọ̀ nípa ìwà ọ̀daràn ní Amẹ́ríkà, lọ bá àwọn tó kó owó oníowó jẹ sọ̀rọ̀ lọ́gbà ẹ̀wọ̀n, ó sì tẹ ohun tó rí jáde lọ́dún 1953. Àwọn tó bá sọ̀rọ̀ ò wáṣẹ́ nítorí àtijalè. Ọkàn mímọ́ ni wọ́n fi gbaṣẹ́. Nígbà tó yá, wàhálà owó kan dé bá wọn tí ìtìjú ò jẹ́ kí wọ́n sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n wá rí i pé ipò tí wọ́n wà lè bá wọn yanjú ẹ̀ láìsí pé ẹnì kan mọ̀. Wọ́n tún rí ọ̀rọ̀ kan sọ fún ara wọn tí wọn ò fi ní ka ara wọn sí olè. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú ẹ̀ ni "mo kàn yá a ni, màá dá a padà." Ìnira, àǹfààní, àwáwí: ohun mẹ́ta yìí làwọn ọ́dítọ̀, ìyẹn àwọn tó ń yẹ ìwé owó wò, ṣì ń wá títí di òní.

Ibi iṣẹ́ lọ́wọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àǹfààní, tiyín ni pátápátá. Àwáwí, ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà ń ṣe sáwọn òṣìṣẹ́ lẹ fi ń kọ́ wọn. Ìnira nìkan ló lè ti ilé wá, ibi iṣẹ́ sì mọ bá a ṣe ń bu epo sí iyẹn náà. Torí náà, ẹni tẹ́ ẹ lé ti lọ lóòótọ́, àmọ́ bí ẹni tuntun bá jókòó sórí àga kan náà, tó gba kọ́kọ́rọ́ kan náà, tó sì ń fọwọ́ sí ìwé kan náà, èèyàn lẹ pààrọ̀, ẹ ò tíì fọwọ́ kan ohun tó fà á.

### Ibi tí ògiri ti lanu

Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Iṣẹ́ mẹ́rin ló wà nídìí owó: kéèyàn pàṣẹ pé kí wọ́n ná an, kéèyàn mú un lọ́wọ́, kéèyàn kọ ọ́ sínú ìwé, kéèyàn sì fi ohun tó wà nínú ìwé wé ohun tí báǹkì sọ. Bí iṣẹ́ yìí bá wà lọ́wọ́ èèyàn méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n gbọ́dọ̀ gbìmọ̀ pọ̀ kí owó tó lè sọ nù, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì lè gbẹnu lé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sọ fún ẹlẹgbẹ́ wọn. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ń ṣe mẹ́ta nínú mẹ́rin, kò sẹ́ni tó máa bá sọ ọ́.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ báǹkì Barings tó forí ṣánpọ́n lọ́dún 1995. Nick Leeson ń ra ọjà ìdókòwò, ó tún ń ta á ní ẹ̀ka wọn ní Singapore. Òun náà ló tún ń ṣe olórí àwọn tó ń kọ ohun tó bá rà àtohun tó bá tà sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa fi mọ̀, ó ti pàdánù mílíọ̀nù 827 pọ́n-ùn, báǹkì tó ti wà fún ohun tó lé ní igba ọdún sì di ohun tí wọ́n tà ní pọ́n-ùn kan ṣoṣo. Ẹ lè rò pé èyí jìnnà sí tiyín, àmọ́ àga tí Leeson jókòó lé ò yàtọ̀ sí ti akápò tó ń gba owó, tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, tó sì tún ń lọ gba ìwé àkáǹtì ní báǹkì. Iye owó ló yàtọ̀.

Ohun tó sábà máa ń kó ilé-iṣẹ́ kékeré sí i ni ìfọkàntán. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ kan. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fiṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní kó máa bá wọn mú tiẹ̀ mọ́ ọn "fúngbà díẹ̀". Ìgbà díẹ̀ di ọdún mẹ́rin. Ọ̀gá ń rìnrìn àjò, ó fún un ní pásíwọ́ọ̀dù báǹkì kí iṣẹ́ má bàa dúró, ó dé, kò sì gbà á padà. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nínú ìròyìn ACFE, léraléra, bí ẹni tó jalè bá ṣe pẹ́ tó lẹ́nu iṣẹ́ ni owó tó kó ṣe máa ń pọ̀ tó. Ẹni tó ti pẹ́ ti mọ ohun tí ọ́dítọ̀ máa ń béèrè, ó mọ èyí tí wọn kì í béèrè, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti ń fọwọ́ síwèé tó bá gbé wá láìkà á.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí ọ̀kan nínú ọgbọ́n tí wọ́n fi ń jalè dáadáa, torí ó jẹ́ ká mọ ìdí tí òfin kan tó dà bí eré fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká ní ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà ló tún ń kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, Oníbàárà Kìíní san 100. Ó kó 100 náà sápò. Ìwé fi hàn pé Oníbàárà Kìíní ṣì jẹ gbèsè. Lọ́jọ́rú, Oníbàárà Kejì san 150. Ó kọ 100 sórúkọ Kìíní, ó sì kọ 50 sórúkọ Kejì. Gbèsè Kìíní ti tán, àmọ́ ìwé ń sọ pé 100 ṣì kù lọ́rùn Kejì. Lọ́jọ́ Ẹtì, Oníbàárà Kẹta san 200. Ó fi 100 di ojú ihò Kejì, ó kọ 100 tó kù fún Kẹta. Ihò 100 náà ò tíì dí rárá, orí ẹlòmíì ló kàn sún sí. Bó bá tún mú owó míì, ihò yóò fẹ̀ sí i, àwọn orúkọ tó gbọ́dọ̀ máa rántí yóò sì máa pọ̀ sí i. Ẹ máa bá ìwé kékeré kan nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ tó fi ń ṣe ìṣirò gidi.

Ẹni tó bá ń ṣe èyí ò lè sinmi. Bí kò bá wá fún ọjọ́ márùn-ún, ẹlòmíì ni yóò gba owó tó wọlé, yóò kọ ọ́ sórúkọ ẹni tó san án gan-an, àwọn oníbàárà tó ti san tipẹ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba lẹ́tà gbèsè. Òṣìṣẹ́ tí kì í gba líìfù, tó ń tètè dé jù, tó ń pẹ́ lọ jù, tí kì í jẹ́ kẹ́nì kankan bá òun fọwọ́ kan fáìlì, òun lẹ ń yìn. Ẹ kọ́kọ́ fún un ní líìfù ná.

Wọ́n rí èyí nílùú Dixon ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà. Rita Crundwell tó ń bójú tó owó ìlú náà kó mílíọ̀nù 53.7 dọ́là jẹ láti 1990 títí di 2012. Ìlú kékeré ni, àwọn èèyàn ibẹ̀ ò ju nǹkan bí 16,000 lọ. Ọ́dítọ̀ ń wá lọ́dọọdún, wọn ò rí i. Nígbà tó lọ gba ìsinmi gígùn, akọ̀wé ìlú tó dúró fún un ní kí báǹkì kó gbogbo ìwé àkáǹtì ìlú wá, ó wá rí ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ rí láàárín wọn. Ìwé báǹkì tí ẹlòmíì ṣí ló tú àṣírí ọdún 22. Nítorí irú èyí làwọn tó ń ṣàkóso báǹkì ní Amẹ́ríkà fi máa ń gba báǹkì níyànjú pé kí òṣìṣẹ́ tó wà nídìí nǹkan ẹlẹgẹ́ gba ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ léra lọ́dún. Ọ̀sẹ̀ méjì pọ̀ tó kí ohun tó fara pamọ́ tó yọjú. Bí ẹni náà bá ń fi fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ látilé lásìkò yẹn, kò gba líìfù. Ẹ ti pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ pa.

Àwọn àlàfo míì wà tó yẹ kẹ́ ẹ wò. Bí òfin yín bá sọ pé ọ̀gá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìnáwó tó bá ti pé 500, ẹ ka ínfọ́ìsì tó wà láàárín 450 sí 499 fún oṣù mẹ́fà, pàápàá méjì tàbí mẹ́ta lọ́wọ́ ẹnì kan náà lọ́sẹ̀ kan náà. Ẹ fi nọ́ńbà àkáǹtì àwọn tó ń kó ọjà wá wé nọ́ńbà àkáǹtì àwọn òṣìṣẹ́. Ẹ wo ìwé owó oṣù bóyá orúkọ méjì ń gba owó sí àkáǹtì kan, ọ̀nà tí wọ́n fi ń mú ayédèrú òṣìṣẹ́ nìyẹn. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni gbogbo ẹ̀, kò gba ju kọ̀ǹpútà kan lọ.

### Ìnira tó ti ibi iṣẹ́ wá

Ọ̀pọ̀ ọ̀gá rò pé gbèsè, àìsàn àti tẹ́tẹ́ nìkan ló ń tini sí jìbìtì. Wọ́n gbàgbé tágẹ́ẹ̀tì, ìyẹn iye tí wọ́n ní dandan kí òṣìṣẹ́ tà tàbí kó pa wọlé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, àwọn aláṣẹ ní Amẹ́ríkà bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 185 dọ́là lé báǹkì Wells Fargo, torí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ti ṣí ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún àkáǹtì fáwọn oníbàárà tí ò ní kí wọ́n ṣí i. Báǹkì náà fẹ́ kí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní oríṣi iṣẹ́ báǹkì 8, wọ́n sì ń yọ àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́nu lójoojúmọ́ lórí ẹ̀. Nǹkan bí òṣìṣẹ́ 5,300 ni wọ́n lé. Èèyàn 5,300 ò lè dédé ya olè pa pọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò kó owó lọ sílé, iṣẹ́ tí wọn ò fẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ wọn ni wọ́n ń jà fún.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá tágẹ́ẹ̀tì yín ń ra irọ́, ẹ wo ohun tí òṣìṣẹ́ yín tó mọṣẹ́ jù, tẹ́ ẹ sì mọ̀ pé òótọ́ ló ń ṣe, pa wọlé láàárín oṣù mẹ́ta. Bí tágẹ́ẹ̀tì bá ga ju ìyẹn lọ fún gbogbo èèyàn, ẹ ti mọ ohun tẹ́ ẹ máa gbà. Ẹ tún wo bí àjẹmọ́nú ṣe ń wọlé. Bí ẹni tó ṣe 99 ò bá gba nǹkan kan, tí ẹni tó ṣe 100 gba gbogbo rẹ̀, ọjà tí wọ́n tà lọ́jọ́ tó kẹ́yìn oṣù yóò pọ̀ lójijì, tí yóò sì máa padà wálé lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù tó tẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ kí àjẹmọ́nú máa gòkè díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú apá kan nínú ẹ̀ dání fún ọjọ́ 60 títí dìgbà tí ọjà ò ní padà mọ́.

Ìnira kejì ni ìbẹ̀rù àṣìṣe, mo sì gbà pé òun ni wọ́n ń fojú kéré jù. Àkáǹtì 88888, àkáǹtì ìkọ̀kọ̀ tí Leeson ń fi àdánù pamọ́ sí títí tó fi pa Barings run, ò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọra. Lọ́dún 1992, ó fi pa àṣìṣe ọmọ iṣẹ́ kan tí ò tíì mọṣẹ́ mọ́, ẹni tó ta dípò tí ì bá fi rà, àbí ó rà dípò tí ì bá fi tà, tí owó tó lọ ò sì ju 20,000 pọ́n-ùn lọ. Níbi tó bá jẹ́ pé ẹni tó ṣe àṣìṣe ni wọ́n máa pariwo lé lórí níwájú gbogbo èèyàn, tí wọ́n máa yọ owó rẹ̀, ẹni tó ṣírò owó kéré ní 30 kì í sọ ọ́. Yóò kọ rìsíìtì irọ́ kan láti fi dí i. Ó ti ṣe jìbìtì ẹ̀kíní, ó sì ti rí i pé kò sẹ́ni tó mọ̀. Òfin tó dáa ni pé àṣìṣe tí òṣìṣẹ́ fẹnu ara rẹ̀ sọ láàárín wákàtí 24 ò ní ìjìyà, ìjìyà wà fún èyí tó bò mọ́lẹ̀.

Ti ìnira ilé, ẹ rántí ohun tí Cressey rí: wàhálà tí ò ṣeé sọ. Ẹ jẹ́ kó ṣeé sọ. Ẹ ṣètò owó yíyá fún òṣìṣẹ́, tí kò ní ju owó oṣù kan lọ, tí wọ́n máa dá padà láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, tí ìdáhùn rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jáde láàárín ọjọ́ méjì. Ẹnì kan péré ni kó mọ̀ sí i. Bí ẹni tó tọrọ owó bá rí i pé wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí oúnjẹ ọ̀sán, kò sẹ́lòmíì tó máa tọrọ mọ́, ẹ sì ti padà síbi tẹ́ ẹ wà.

### Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ fún ara wọn

Lọ́dún 1990, Jerald Greenberg, onímọ̀ nípa ìwà èèyàn níbi iṣẹ́, tẹ ìwádìí kan jáde nípa ilé-iṣẹ́ tó dín owó oṣù kù ní ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Ní ẹ̀ka kan, ọ̀gá àgbà jókòó pẹ̀lú òṣìṣẹ́ fún nǹkan bí 90 ìṣẹ́jú, ó ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n, ó sì dáhùn ìbéèrè. Ní ẹ̀ka kejì, ìṣẹ́jú 15 ni ìpàdé náà, wọ́n kàn sọ pé a ó gé owó yín. Ní ẹ̀ka kẹta, wọn ò gé owó ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń sọ nù lọ sókè ní ẹ̀ka méjèèjì tí wọ́n ti gé owó, àmọ́ ẹ̀ka tí wọn ò ti ṣàlàyé ló ti burú jù lọ. Nígbà tí owó padà sí iye tó wà tẹ́lẹ̀, olè jíjà náà wálẹ̀.

Owó kan náà ni wọ́n gé lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ ló yàtọ̀. Ẹni tí wọ́n fi àbùkù kàn ní ìdáhùn tó ti wà nílẹ̀ dè é: "gbèsè tí wọ́n jẹ mí ni mo ń gbà." Richard Hollinger àti John Clark náà rí irú ẹ̀ nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1983 láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtajà, ilé ìwòsàn àti iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọjà: àwọn tí inú wọn ò dùn síṣẹ́, pàápàá sí bí àwọn ọ̀gá ṣe ń ṣe sí wọn, ló ń kó nǹkan jù. Kì í ṣe pé kẹ́ ẹ ṣáà fowó kún owó oṣù. Mo ti rí ibi tí owó oṣù ga tí jìbìtì sì gbilẹ̀. Ohun tó ń bí èèyàn nínú ni pé ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà ń gbà jù òun lọ láìnídìí, pé owó àfikún àsìkò tí wọ́n ṣèlérí ò dé, pé wọ́n fún ọmọ ọ̀gá ní ipò tó tọ́ sí òun.

Ìwà ọ̀gá fúnra rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ọ̀gá tó ń fi owó iléeṣẹ́ ra epo sínú mọ́tò ìyàwó rẹ̀, tó ní kí akọ̀wé kọ ọ́ bí "ìrìn àjò iṣẹ́," ti kọ́ akọ̀wé náà ní nǹkan méjì: bí wọ́n ṣe ń parọ́ nínú ìwé, àti pé irọ́ inú ìwé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ fetí sí ohun tí wọ́n ń fi ṣe ẹ̀rín. Níbi tó bá ti di pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín sọ ọ́ pé ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ nídìí pẹpẹ, nídìí pẹpẹ ni yóò ti jẹ, àwáwí ti délé, ẹni tó máa lò ó ló kù.

### Ìdákẹ́jẹ́

Ó dá mi lójú pé ẹnì kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ yín ti rí nǹkan kan láàárín ọdún méjì yẹn. Nínú ìròyìn ACFE ti ọdún 2024, ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún jìbìtì ló jẹ́ pé ẹnì kan ló ta wọ́n lólobó, ó ju ìlọ́po mẹ́ta iye tí ọ̀nà míì tó tẹ̀ lé e mú jáde lọ, ó sì ju ìdajì àwọn olófòófó náà lọ tó jẹ́ òṣìṣẹ́. Ìdajì jìbìtì ló pé oṣù 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí àṣírí tó tú. Tiyín gba ọdún méjì, tó túmọ̀ sí pé ẹni tó rí i ò rí ibi tó máa sọ ọ́ sí. Ta ni ì bá sọ ọ́ fún? Ẹni tẹ́ ẹ fi ń ṣe àpẹẹrẹ ni ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí. Bí ọ̀rọ̀ náà ò bá já sí òótọ́, tàbí bó tiẹ̀ já sí òótọ́, ẹni tó sọ ọ́ ni wọ́n máa pè ní ẹlẹ́tanú.

Ẹ yan èèyàn méjì tí òṣìṣẹ́ lè bá sọ̀rọ̀, kí ọ̀kan nínú wọn máà jẹ́ ará inú ilé-iṣẹ́, lọ́yà yín tàbí ọ́dítọ̀ yín lè ṣe é. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lè kọ ọ́ ránṣẹ́ láìfi orúkọ sí i. Bí ẹnì kan bá mú ọ̀rọ̀ wá, ẹ dá a lóhùn láàárín ọ̀sẹ̀ kan pé ẹ ti rí i, kódà bẹ́ ẹ ò bá lè sọ ohun tẹ́ ẹ rí. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn mọ ẹni tó sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré tí èyí bá ṣẹlẹ̀ ti tó, ọ̀rọ̀ ò ní í dé ọ̀dọ̀ yín mọ́.

### Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe, àti èyí tẹ́ ẹ máa yẹra fún

Ìbínú máa ń mú kéèyàn ṣe àṣejù lẹ́yìn irú èyí. Kámẹ́rà káàkiri, kí wọ́n máa tú báàgì gbogbo èèyàn lẹ́nu ọ̀nà, ìbuwọ́lù márùn-ún lórí rírà páálí bébà kan. Kámẹ́rà ò rí ayédèrú ínfọ́ìsì. Ẹni tí wọ́n ń tú báàgì rẹ̀ lójoojúmọ́ láì ṣẹ̀ ti rí àwáwí tuntun. Ìbuwọ́lù márùn-ún sì burú ju ọ̀kan lọ, torí olúkúlùkù á gbà pé ẹni tó kù ti kà á.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ lọ sí báǹkì fúnra yín, kẹ́ ẹ béèrè gbogbo àkáǹtì tó wà lórúkọ ilé-iṣẹ́, èyí tẹ́ ẹ mọ̀ àtèyí tẹ́ ẹ ò mọ̀. Ẹ pààrọ̀ gbogbo pásíwọ́ọ̀dù. Kí ìwé àkáǹtì máa bọ́ sọ́wọ́ yín tààrà, ẹ máa kà á kí ẹni tó ń ṣírò owó tó rí i. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lóṣù tó. Orúkọ tẹ́ ẹ ò bá mọ̀, iye tó pé régé bíi 1,000 tàbí 2,000, owó tó jáde lọ́jọ́ Sátidé tàbí lóru, ẹ fi pẹ́ńsùlù yí i ká, kẹ́ ẹ sì béèrè.

Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ pín iṣẹ́ mẹ́rin yẹn. Òṣìṣẹ́ 40 ò tó láti gba àwọn oníṣirò mẹ́rin, kò sì pọn dandan. Ẹni tuntun lè máa kọ owó sílẹ̀, kó sì máa ṣètò ìsanwó lórí kọ̀ǹpútà, àmọ́ kó máà lè tẹ bọ́tìnnì tó kẹ́yìn. Ẹ̀yin tàbí igbákejì yín lẹ máa tẹ ìyẹn. Kí ẹlòmíì máa gba owó lọ́wọ́ oníbàárà, bó bá tiẹ̀ jẹ́ ẹni tó wà lẹ́nu géètì ọ́fíìsì. Ẹni tó gba ọjà sí sítóò kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó pàṣẹ rẹ̀. Bí ẹni tó ń kó ọjà wá fún yín bá fi lẹ́tà ránṣẹ́ pé òun ti pààrọ̀ àkáǹtì, ẹ pe nọ́ńbà tó ti wà lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀, ẹ má pe èyí tó wà nínú lẹ́tà.

Ẹ ka owó ọwọ́ àti ọjà sítóò lójijì, ẹ̀ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́ta, ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ṣáájú. Ẹ kọ líìfù ọ̀sẹ̀ méjì sínú ìwé iṣẹ́ ẹni tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má bàa dà bíi pé ẹ ń fura sí i. Òótọ́ ni pé òfin yìí ń dáàbò bo òun náà: bí owó bá sọ nù, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ò dá wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ní ẹlẹ́rìí.

Ti pé kẹ́ ẹ sọ fáwọn tó kù: bẹ́ẹ̀ ni, láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, torí wọ́n ti ń sọ ọ́ láàárín ara wọn, èyí tí wọ́n ń sọ ò sì ní dáa ju òótọ́ lọ. Ẹ kọ́kọ́ bi lọ́yà yín, torí bí ilé ẹjọ́ ò bá tíì dá ẹni náà lẹ́bi, pípè é ní olè níwájú èèyàn lè di ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́. Ohun tó bọ́ sí i ni pé ẹ rí i pé owó sọ nù, ẹnì kan ti kúrò nítorí ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ àwọn tó yẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ohun tí ẹ̀yin ọ̀gá ò ṣe dáadáa, pé iṣẹ́ tó pọ̀ jù lẹ gbé lé ẹnì kan lọ́wọ́, ẹ wá sọ ohun tó ń yí padà àti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ìdajì àsìkò ìpàdé náà sílẹ̀ fún ìbéèrè.

Àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ dúnàádúrà pé kó rọra lọ, wọ́n á sì kọ ìwé ẹ̀rí rere fún un kí orúkọ ilé-iṣẹ́ má bàa bàjẹ́. Bí ẹ ò bá tíì kọ ọ́, ẹ má kọ ọ́. Bí ilé-iṣẹ́ míì bá kọ̀wé béèrè nípa rẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ tó wọlé, ọjọ́ tó jáde, ipò tó wà àti pé ẹ̀yin lẹ fòpin sí iṣẹ́ rẹ̀, kí lọ́yà yín sì kà á kó tó kúrò lọ́wọ́ yín.